Níbo Ni Wọn Yóò Gbé Lẹ́yìn Ilé Ìwòsàn?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́

 

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ wá bá mi pé èmi ni yóò sọ̀rọ̀ lóṣù yìí, ó ti rò pé ọ̀rọ̀ lórí èdè tàbí lórí ìtàn ni n óò mú wá. Ìtàn ni mo mú wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti oyè. Ọ̀ràn àwọn tí orí wọn dàrú ni, àti ibi tí ó yẹ kí wọ́n máa gbé nígbà tí dókítà bá ti ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọn kò tí ì le tó láti padà sínú ilé bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Bí a bá ń pe ara wa ní ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àṣà Yorùbá, ọ̀ràn náà kò jìnnà sí wa, nítorí pé àwọn baba wa ní ọ̀nà tiwọn, àti pé láti inú ọ̀nà náà ni ohun kan ti yọ ní Abẹ́òkúta tí gbogbo ayé wá wò.

Àwọn àgbà wí pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Gbogbo yín ni ẹ mọ òwe náà, ṣùgbọ́n apá kìíní rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ní ọjà, àwọn ọmọdé a máa tẹ̀lé e, àwọn àgbà a máa rẹ́rìn-ín, àwọn kan a sì máa ya àwòrán rẹ̀ sínú fóònù wọn kiri. Apá kejì ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí: ẹni tí ó bí i ńkọ́? Kí ni kí ó ṣe?

Kí a má baà ṣi ara wa gbọ́, kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹni tí ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ ni mò ń sọ, àti ẹni tí ó gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé ẹ̀gbọ́n òun ń fi májèlé sínú oúnjẹ òun. Ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́wàá tí ó sì ń ná owó tí kò ní. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí nínú yàrá, tí kò wẹ̀, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Oògùn wà fún àìsàn wọ̀nyí. Oògùn náà kì í tán àìsàn lára gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n a máa mú un rọlẹ̀, bí ẹni náà bá ń lò ó déédéé fún ìgbà pípẹ́. Nínú gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni gbogbo ìṣòro wa wà.

Kí ilé ìwòsàn òyìnbó tó dé, ilé oníṣègùn ni a ń mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa, kí a má ṣe yìn ín jù, kí a má sì ṣe tàbùkù rẹ̀ jù. Ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n aláìsàn a bá a lọ, a sì máa dáná fún un nínú agbo ilé oníṣègùn náà. Wọn a fún un ní àgbo, nínú èyí tí gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ sábà máa ń wà, yóò sì sùn lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Gbòǹgbò yìí kì í ṣe ohun eré. Láti ara igi mìíràn nínú ìdílé rẹ̀, tí ń hù ní ilẹ̀ Íńdíà, ni àwọn onímọ̀ ti yọ oògùn tí a ń pè ní reserpine jáde ní 1952, àwọn dókítà sì lò ó fún alárùn ọpọlọ àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru kí oògùn tí ó sàn jù ú lọ tó gbòde. Nígbà tí ara aláìsàn bá ń balẹ̀, wọn a tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yóò máa gbá àgbàlá, yóò máa pọn omi, yóò bá oníṣègùn lọ sí oko. Oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lè kọjá, nígbà mìíràn ọdún kan. Ní ìgbẹ̀yìn, wọn a mú un lọ sí etí odò, wọn a fá orí rẹ̀, wọn a wẹ̀ ẹ́, aṣọ àtijọ́ yóò bá omi lọ, yóò wọ òmíràn, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò sì mú un padà wá ní ojú gbogbo ènìyàn.

Èmi jẹ́ àlùfáà, n kò sì lè bá yín bọ odò. Síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ wí pé àwọn tí ó dá ètò yìí sílẹ̀ mọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé: pé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú nílò ibi tí yóò gbé, iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, ènìyàn kan tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ọjọ́ kan tí gbogbo ìlú yóò mọ̀ pé ó ti padà bọ̀. Ṣùgbọ́n ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Pàṣán wà níbẹ̀, ebi wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìwọ̀n oògùn. Asofẹ́yẹjẹ tí ó bá pọ̀ jù a máa fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ títí ènìyàn yóò fi dákú. Ẹni tí ó bá ní kí a padà sí ilé oníṣègùn bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ bi í bóyá ọmọ tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi sínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀.

Ìjọba òyìnbó ní tirẹ̀ kọ́ ilé fún ìtìmọ́lé ju fún ìwòsàn lọ. Ilé Yábàá ní Èkó ṣí ní 1907, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí dókítà tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ tó wà níbẹ̀. Ní 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, di ibi tí a kó àwọn ọmọ ogun wa tí orí wọn dàrú ní ojú ogun òkèèrè sí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n di ilé aláìsàn! Ògiri kì í yára gbàgbé iṣẹ́ tí a mọ ọ́n fún.

Ọdún 1954 ni Thomas Adéoyè Lámbò padà wá. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ní 1923 ni a bí i, ó jáde ní Baptist Boys' High School, ó sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham. Wọ́n fi ilé ìwòsàn tuntun ní Aró lé e lọ́wọ́, ilé náà kò sì tí ì parí. Ẹlòmíràn ì bá jókòó de àwọn kọ́lékọ́lé. Lámbò tọ àwọn àgbà abúlé tí ó yí Aró ká lọ, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn òun sínú ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Wọ́n gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ètò náà ti ń lọ, nítorí ọ̀pọ̀ wa ń fi orúkọ Aró bú ara wa láìmọ ohun tí ó sọ Aró di olókìkí. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá nìkan wá. Ìyá, arábìnrin, àbúrò, ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀. Ní ilé ìwòsàn yóò gba oògùn tàbí ìtọ́jú mìíràn tí dókítà bá là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò padà sí abúlé. Níbẹ̀ ni yóò ti bá àwọn onílé ṣiṣẹ́ oko, yóò jókòó ti ayò, yóò lọ sí ijó, yóò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Àwọn nọ́ọ̀sì ń yí abúlé ká. Onílé gba owó ilé, ilé ìwòsàn sì yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fi yàrá kún ilé wọn. Omi ẹ̀rọ dé abúlé, a gbẹ́ ṣáláńgá, a gbógun ti ẹ̀fọn. Lámbò kò retí pé kí àwọn ará abúlé ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí àánú. Ó mọ̀ pé àánú nìkan kì í pẹ́ rẹ̀, ó sì ṣe é ní ọ̀nà tí aláìsàn fi di ẹni tí abúlé náà jèrè lára rẹ̀. Àpọ́nlé tí ó wà nínú ìyẹn, èmi kò mọ̀ bóyá gbogbo àwọn tí ó wá wò ó láti òkèèrè ni ó rí i.

Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kan mọ́ra, àwọn dókítà kan sì bínú sí i nítorí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Ní 1961 àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé gbogbo Áfíríkà. Lámbò fúnra rẹ̀ di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1973 títí di 1988. Ó kú ní 2004. Ètò abúlé náà kò sí mọ́ bí ó ti dá a sílẹ̀. Ìlú ti gbòòrò, àwọn tí ì bá tẹ̀lé aláìsàn lọ gbé fún oṣù mẹ́fà ní iṣẹ́ oṣù tí wọn kò lè fi sílẹ̀, ilé ìwòsàn sì ti padà di ibi tí a ti ń wọlé tí a sì ń jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé abúlé nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti lè ṣeé ṣe. Ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù ìlú kan wà tí a ń pè ní Geel, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń gba alárùn ọpọlọ sínú ilé wọn láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn. Ní ìparí ọdún 1930 sí 1939, iye àwọn tí ń gbé bẹ́ẹ̀ lé ní 3,000. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí di òní, bí iye wọn tilẹ̀ ti dín kù gidigidi.

Nísinsìnyí kí a bọ̀ sí ìlú tiwa. Gbogbo dókítà ọpọlọ tí ó wà ní Nàìjíríà kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, fún ènìyàn tí ó lé ní 200 mílíọ̀nù. Ibùsùn kò tó. Nítorí náà, bí ara aláìsàn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, wọn yóò ní kí a máa mú un lọ sílé. Ilé wo? Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà kan rí, tí ó wọ ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́rin. Nígbàkígbà tí wọ́n bá dá a sílẹ̀, ilé bàbá rẹ̀ ni ó ń padà sí, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń jáde ní ìdájí tí wọn kì í sì í wọlé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò sí ẹni tí ó rí i pé ó lo oògùn. Oògùn náà ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó ń mú un sanra, òun náà sì pa á tì. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àárẹ̀ ni ó mú wọn. Lẹ́ẹ̀kẹta ni nọ́ọ̀sì kan sọ fún wọn pé kí wọ́n má mú un lọ sílé tààrà, ó sì júwe ilé kan fún wọn, níbi tí ènìyàn mẹ́jọ ń gbé pẹ̀lú olùtọ́jú tí ń sùn níbẹ̀. Ó lo oṣù mẹ́rìnlá níbẹ̀. Ìṣirò ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí ní abúlé kan. Ohùn tí ó ń gbọ́ kò tí ì tán pátápátá, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún mi, ṣùgbọ́n ó ní òun ti mọ̀ ọ́n ní ohùn, òun kì í sì í dá a lóhùn níwájú àwọn ọmọ.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò tí ì ní orúkọ kan tí gbogbo wa fẹnu kò sí. Èmi ń pè é ní ilé ìgbàtọ́. Kì í ṣe ilé ìwòsàn, nítorí dókítà kì í gbé ibẹ̀. Kì í sì í ṣe ilé àwọn aláìríbùgbé. Ẹni tí ń gbé ibẹ̀ ní yàrá, ó ní kọ́kọ́rọ́, ó ń ṣe oúnjẹ nígbà tí ó bá kàn án, ó ń lọ sí ọjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, olùtọ́jú ni ó ń pa oògùn rẹ̀ mọ́ tí ó sì ń wò ó bí ó ti ń lò ó. Bí ó ti ń le sí i, òun fúnra rẹ̀ yóò máa pa á mọ́. Fún ẹni tí kò lè rántí oògùn ojoojúmọ́, abẹ́rẹ́ wà tí a ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra. Wọn a máa kọ́ ọ bí yóò ti mọ̀ pé àìsàn náà fẹ́ padà: oorun tí ń sá, ìfura tí ń yọ́ wọlé. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tí ó rù. Oṣù mẹ́fà, ọdún kan, nígbà mìíràn ọdún méjì, ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yẹ kí a mú lọ síbẹ̀, kì í sì í ṣe ìgbàkígbà. Ẹni tí ń jà lọ́wọ́, ẹni tí kò jẹun, ẹni tí ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ilé ìwòsàn ni ti irú wọn, kíákíá. Bákan náà ni ẹni tí àìsàn rẹ̀ rọlẹ̀ tí ilé rẹ̀ sì ní ẹni tí yóò dúró tì í kò nílò ju ilé rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó wà láàárín méjèèjì ni ilé ìgbàtọ́ wà fún: ẹni tí ń wọlé tí ń jáde ní ilé ìwòsàn, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ti darúgbó, ẹni tí a rí ní ojú títì tí kò sì ní ẹbí kankan tí a mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí dókítà tí ó mọ̀ ọ́n kọ ìwé. Ẹ má ṣe gbé ènìyàn lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Kí ìwé náà sọ orúkọ àìsàn rẹ̀, oògùn tí ó ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí ó máa ń ṣe nígbà tí àìsàn bá fẹ́ padà, àìsàn ara mìíràn tí ó ní, bí ó bá ti fi ìgbà kan rí gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, àti ilé ìwòsàn tí yóò gbà á padà bí ọ̀ràn bá le. Kí ìwé mìíràn láti ọ̀dọ̀ ẹbí sọ ẹni tí yóò máa san owó, àti ẹni tí yóò máa lọ wò ó, ní ọjọ́ wo. Mo fi ọjọ́ sí i nítorí pé mo ti rí i bí ìlérí láìsí ọjọ́ ti ń rí.

Ohun tí ó ṣòro jù ni kí a bá aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwa Yorùbá a máa fẹ́ràn ẹ̀tàn nínú ọ̀ràn báyìí. A ó wọ aṣọ ẹbí, a ó ní ìgbéyàwó ni à ń lọ ní Ìbàdàn, ọkọ̀ yóò sì yà síbi tí aláìsàn kò mọ̀. Ẹ̀yin ará, ẹni tí àìsàn rẹ̀ ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé àwọn ará ilé rẹ̀ ń dọdẹ rẹ̀, ẹ wá fi ọwọ́ ara yín jẹ́rìí sí i fún un! Kò ní gba oògùn lọ́wọ́ yín mọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ẹ mú un lọ wo ilé náà tẹ́lẹ̀. Kí ó rí ibùsùn, kí ó jẹun níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó bá àwọn tí ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí yín nítòsí. Bí ó bá kọ̀ lónìí, ó lè gbà lóṣù tí ń bọ̀. Ẹni tí ó gbà fúnra rẹ̀ ni ń pẹ́ níbẹ̀.

Kí ẹ̀yin náà sì wo ilé náà pẹ̀lú ojú àgbà. Ẹ bèèrè dókítà tí ń wá síbẹ̀ àti ìgbà tí ó wá kẹ́yìn. Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Àpá ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kì í farasin. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má wá rárá fún oṣù mẹ́ta, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ yìí kan àwa oníwàásù gan-an, n kò sì ní fò ó. Ní oṣù kọkànlá 2019, Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn ènìyàn tí a de mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà nítorí àrùn ọpọlọ: ní ilé oníṣègùn, ní ilé àdúrà Kristẹni, ní ilé Mùsùlùmí, àti ní àwọn ilé tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso. Èmi a máa gbàdúrà fún aláìsàn, n óò sì máa gbà á. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ń gbé inú ibojì ní ilẹ̀ Gádárà, àwọn ará ìlú ni ó dè é, kì í ṣe Olúwa. Olúwa wò ó sàn, ó sì ní kí ó máa lọ sí ilé rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Wòlíì tí ó bá ní kí a sọ oògùn nù kí àdúrà tó lè gbà, inú Ìwé wo ni ó ti rí i?

Òfin pàápàá ti yí padà. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 fagi lé òfin àwọn wèrè ti 1958, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú òfin òyìnbó ti 1916. Ẹni tí ó ní àrùn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin báyìí. Ṣùgbọ́n òfin kò kọ́ yàrá kan.

Nítorí náà ni mo ṣe wá bá ẹ̀yin. Ẹ wo ìlú wa: mélòó ni ilé olókè tí àwọn ọmọ wa kọ́ láti òkè òkun, tí kò sí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ bí kò ṣe ọdẹ àti alángbá? Ọ̀kan nínú wọn tó. N kò bèèrè pé kí Ẹgbẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn. Mo bèèrè ilé kan tí ó ní yàrá mẹ́fà àti kànga, ilẹ̀ díẹ̀ fún ilá àti ẹ̀gẹ́, olùtọ́jú méjì tí a ó máa san owó oṣù fún, àti àdéhùn pẹ̀lú ilé ìwòsàn kan pé nọ́ọ̀sì wọn yóò máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó ni yóò kọ́kọ́ dá wa dúró, mo mọ̀. Kí ẹbí tí ó ní lọ́wọ́ san; kí Ẹgbẹ́ gba ti ẹni tí kò ní. Bí àwọn ará àdúgbò bá ní àwọn kò fẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ nítòsí, níbẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀yin ìjòyè wà, nítorí ọ̀rọ̀ yín ni wọn yóò gbọ́, wọn kò ní gbọ́ tèmi. Kí a sì rántí bí Lámbò ti ṣe é: kí àdúgbò jèrè níbẹ̀. Kànga náà, kí gbogbo àdúgbò máa pọn níbẹ̀.

Mo dábàá pé kí ìpàdé yìí yan ènìyàn mẹ́ta, kí ìjòyè kan wà nínú wọn àti obìnrin kan, kí wọ́n lọ sí Aró kí oṣù yìí tó parí, kí wọ́n sì bèèrè ohun tí ilé ìwòsàn yóò béèrè lọ́wọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lè fi aláìsàn ránṣẹ́ síbẹ̀. Owó ọkọ̀ wọn, èmi yóò san ìdajì. Akọ̀wé ní ìwé lọ́wọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ orúkọ. Mo dúró de ìbéèrè yín.